Ta Ló Ń Bi Káńsù Léèrè?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dárúkọ báárò. Ẹni tó bá ń jiyàn, kí ó ṣí i sí Àfikún Kẹrin lẹ́yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Yóò bá báárò níbẹ̀, yóò bá ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ojú omi, pé káńsù ni kí ó máa fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Yóò bá ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ibi ìsìnkú àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta. Yóò bá ààtàn, orúkọ títì àti nọ́ńbà ara ilé, ìwé ìbí, ìwé ikú àti ìwé ìgbéyàwó, owó orí ilé, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ilé búrẹ́dì, ilé oúnjẹ, ilé ọtí, títí dé orí ẹran tí èèyàn ń sìn nínú ilé. Àwọn tó kọ òfin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ aráyé lè kọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ọjà.

Mo ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹ̀ka ìṣúná àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Kíláàkì tó ń ka owó ọjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, orí àga akápò ni mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń wọ ọ́fíìsì mi wá nígbà náà kò lóǹkà. Ẹlòmíràn wá nítorí owó ìsìnkú bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn nítorí owó ilé ìwé ọmọ. Àwọn ọdẹ wá, àwọn eléégún wá, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà wá. Àmọ́ ẹni tó wá béèrè pé owó tí káńsù gbà lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n fi ṣe? Ṣàṣà ni. Kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá mú owó sílẹ̀ ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ná an, àwa aráàlú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ pátápátá nínú fífún káńsù lówó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó tó ń ti Àbújá bọ̀, nítorí òun ni gbogbo ìlú ń gbọ́ nínú rédíò. Oṣooṣù ni wọ́n ń pín owó láàárín ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ṣùgbọ́n abala 162 ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjọní pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, inú àpò yẹn ni ìpín káńsù sì máa ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́, ìpàdé ìgbìmọ̀ àpò àjọní tí gbogbo wa mọ̀ sí JAAC á wáyé ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Ní ti Ọ̀yọ́, káńsù 33 ni ọ̀rọ̀ kàn, alága kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú akápò rẹ̀. Bébà gbọọrọ kan á jáde: orúkọ káńsù lápá òsì, iye tó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ kìkì ohun tí wọ́n yọ. Owó oṣù tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà àti ti òṣìṣẹ́ káńsù. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ọba. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ àjọṣe tí ìpínlẹ̀ ní kí gbogbo wa dá owó rẹ̀ jọ. Bí ojú bá dé òpin bébà, alága tó jẹ́ ẹni tuntun á kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà kan kọ. Rárá o, ohun tó kù nìyẹn. Àwa àgbà nídìí iṣẹ́ kì í tilẹ̀ wo iye tó wà lókè. Ìsàlẹ̀ là ń wò, ká lè mọ̀ bóyá owó oṣù á yọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Tíṣà ni ìyàwó mi, ẹnu iṣẹ́ náà ló ti fẹ̀yìn tì. Èmi kọ́ ni máa sọ pé kí wọ́n má sanwó tíṣà. Ohun tí mò ń wí ni pé owó yìí wọlé láìsí aráàlú kankan tó mú un wá, ó sì jáde láìsí káńsẹ́lọ̀ kankan tó jókòó lé e lórí. Bí ó bá wá ṣòfò, ta ni yóò dùn?

Díẹ̀ tó kù náà kì í ṣe owó tí alága lè ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀ mú jáde, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ká ní ẹ̀ka iṣẹ́ fẹ́ ra ṣọ́bìrì tí wọn yóò fi kó gọ́tà. Olórí ẹ̀ka á kọ ọ́ sínú fáìlì. Fáìlì á gba ọ̀dọ̀ olórí òṣìṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ alága, alága á kọ ọ́ sí etí ìwé pé òun fọwọ́ sí i, fáìlì á sì padà sọ́dọ̀ wa. A ó ṣí ìwé ìnáwó, a ó wò ó bóyá ètò ìṣúná ọdún náà ya owó sọ́tọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti bóyá owó ọ̀hún ṣì kù. Bí ó bá kù, a ó kọ fáúṣà. Ọ́dítọ̀ abẹ́lé á yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ẹnìkan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Nígbà tí ṣọ́bìrì bá dé, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù á kà á, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì tó lè parí. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn alága, pàápàá àwọn tó ti ìdí òwò bọ́ sínú òṣèlú, máa ń bínú pé akápò ń dá iṣẹ́ àwọn dúró. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ akápò ni láti dá a dúró díẹ̀. Káńsù tí mo bá ti gbọ́ pé owó ń tètè jáde níbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i.

Owó kan wà tí kì í gba gbogbo ọ̀nà yìí kọjá: owó ètò ààbò. Ìwé pélébé kan, ìfọwọ́sí kan, ó tán. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣòfin, òun ni mo máa kọ́kọ́ fagi lé.

Owó abẹ́lé ni owó kejì, èyí tí káńsù ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbà: owó ìsọ̀, owó gáréèjì, owó odò ẹran, owó ilé, owó ìwé ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀, agbowó á wá sí ìdí kàǹtà, á fọwọ́ síwèé, á gba ìwé rìsíìtì kan. Nọ́ńbà wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ṣi ọ̀kan kọ, kò gbọdọ̀ fà á ya dànù. Á fa ìlà sí i lójú, á kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́, gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ á sì wà nínú ìwé. Kábọ̀nù ló ń wà láàárín: ẹ̀dà kìíní fún ẹni tó sanwó, èkejì fún ọ́fíìsì, ẹ̀kẹta á dúró sídìí ìwé. Nírọ̀lẹ́, á kó owó àti ìwé dé, káṣíà á ka méjèèjì. Àwa tó wà nídìí kàǹtà, nọ́ńbà là ń kọ́kọ́ wò. Owó lè dín, kí agbowó bẹ̀bẹ̀ pé òun á mú ìyókù wá lọ́la. Bí nọ́ńbà kan bá fò, ẹ̀bẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ́dítọ̀.

Àwọn ọ̀nà tí àwọn agbowó ń gbà ja káńsù lólè kò pọ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ wọ́n. Àwọn kan á yọ kábọ̀nù kúrò, wọ́n á kọ iye tó pé sí ti ẹni tó sanwó, wọ́n á wá kọ iye kékeré sí èyí tó ń bọ̀ wá bá wa. Àwọn ọ̀dájú inú wọn á lọ tẹ ìwé tiwọn lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, pẹ̀lú àmì káńsù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò tilẹ̀ gba ọgbọ́n kankan. Agbowó á dúró níwájú ìsọ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ẹ mú ìdajì wá, ẹ má wulẹ̀ gba rìsíìtì." Màmá á rò ó pé òun jèrè, agbowó náà mọ̀ pé òun jèrè. Ìdajì kejì ti gbé. Ohun tí màmá kò rò ni pé bí gọ́tà bá kún tàbí tí òrùlé ìsọ̀ bá ń jò, kò ní ìwé kankan tí yóò fi sọ pé òun ni oníbàárà káńsù.

Lẹ́yìn náà ni àwọn alága wá rí ọ̀nà mìíràn tó dùn mọ́ wọn: kí a gbé owó ọjà tàbí ti gáréèjì fún alágbàṣe. Alágbàṣe á san iye kan fún káńsù lóṣù, ohun tó bá gbà lé e di tirẹ̀. Lójú ìwé, ó dára. Owó ń wọlé láìsí wàhálà, a kò sì ní láti sanwó oṣù agbowó. Lójú ọjà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn géńdé tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀ pa, wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n sì ń na ọmọ tó bá jiyàn. Nígbà tí àwọn ará ọjà bá wá fẹjọ́ sùn, káńsù á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun. Èmi kò fara mọ́ ọn nígbà náà, n kò sì fara mọ́ ọn títí di òní. Káńsù tó bá ti ta agbára láti gbowó ti ta agbára láti mọ ọjà rẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀wà ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí mo ti ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó gbé páálí mílíìkì kan kalẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo kí i, mo ní kí ó jókòó, kò jókòó.

"Ọmọ mi, bá mi kà á."

"Ìyá, kí ni ká kà?"

"Rìsíìtì ni. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo sanwó. Ààtàn tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi ńkọ́, ṣé èmi ni mo ni ín ni àbí ẹ̀yin?"

Mo tú páálí. Ó fi rọ́bà di wọ́n ní ọdọọdún, òmíràn ti pọ́n, òmíràn ni òróró ti kán sí, síbẹ̀ nọ́ńbà hàn lára gbogbo wọn. Mo gbé ìwé ọ́fíìsì, mo fi wé díẹ̀ nínú wọn. Wọ́n bára mu. Kò sí ohun tí mo lè sọ fún un. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè, kò sì pẹ́ tí tìpà fi dé ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ṣe ọ̀gá wa ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rù páálí yẹn ló bà wọ́n, pé bí ó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀ tàbí ilé iṣẹ́ rédíò, ẹnu ò ní gbà á. Àwọn ìsọ̀ tó yí tirẹ̀ ká ló ń san ìdajì láìgbàwé. Ààtàn kan náà ló ń rùn sí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò wá.

Ayé kan ti wà tí aráàlú kì í fi ọ̀rọ̀ káńsù ṣeré. Ní 1954, Adégòkè Adélabù di alága káńsù Ìbàdàn. Nígbà tó di 1955, ìjọba ẹkùn ìwọ̀ oòrùn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ E.W.J. Nicholson láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso káńsù náà. Lẹ́yìn ìwádìí yẹn, ní 1956, Adélabù, tó ti di mínísítà nígbà náà, fi ipò mínísítà rẹ̀ sílẹ̀. Òṣèlú kún inú rẹ̀ dẹ́nu, torí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ẹkùn kọ́ ni ẹgbẹ́ Adélabù. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àsìkò bẹ́ẹ̀: àsìkò tí ìwé owó káńsù di ohun tí ìlú ń jiyàn lé lórí ní ìdí ayò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìjà Agbẹ́kọ̀yà, láti òpin 1968 wọ 1969. Owó orí ń ga, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ sì dìde. Kì í ṣe owó orí nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń ni wọ́n lára kúrò ní abúlé, wọ́n ní kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ìjọba ológun Adébáyọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, Olóyè Awólọ́wọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà, owó orí sì wálẹ̀. N kò gbóríyìn fún ìjà tó gba ẹ̀mí èèyàn. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù, mo mọ̀ pé àwọn bí tèmi ni wọ́n ń lé nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn wí: a sanwó, ọ̀nà dà? Kò sí ọ̀rọ̀ tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bi ìjọba.

Àtúnṣe ọdún 1976 sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìjọba kẹta nílẹ̀ yìí, ó sì la ọ̀nà fún owó ìjọba àpapọ̀ láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun rere ni. Àwọn káńsù tí kò lè dá sanwó oṣù wá rí owó san. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ mímọ ìlú bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń rìn ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn yóò ṣì máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri: N, E, SW tàbí NW, nọ́ńbà kan, ìlà, nọ́ńbà mìíràn. Káńsù ló kọ ọ́. Ilé tó bá ní nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé, wọ́n mọ onílé, wọ́n mọ iye tó yẹ kí ó san. Ẹ wá lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé ti kún bámúbámú, kí ẹ béèrè àdírẹ́sì. Wọ́n á ní: bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ilé onígéètì dúdú, ẹ béèrè Ìyá Ìbejì.

Ilé tí káńsù kò kà, káńsù kò lè gbowó rẹ̀, kò sì lè dáàbò bò ó. Ẹ rántí odò Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi ya wọ ìgboro, ó kó èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún yalé. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé wà lójú ọ̀nà omi, pàǹtírí sì dí gọ́tà àti odò. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rí i kí omi tó rí i ni wólewólé. Àwọn òbí wa bẹ̀rù wólewólé ju ọlọ́pàá lọ: á yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, á wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á wo ẹ̀yìnkùlé, á já ìwé kóòtù fún onílé. Ọ̀pọ̀ wọn gbowó ẹ̀yìn, mo mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn wólewólé tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kàwé jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni wọ́n ń jókòó sí, nítorí kò sí owó epo tí wọ́n á fi jáde.

Ibì kan ṣoṣo ni èrò ti ń tò ní káńsù láìsí ìpolongo: ìdí ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Bí fásitì bá ń gba ọmọ wọlé, tàbí tí àwọn ológun bá ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ ò ní rí àyè gbẹ́sẹ̀ sí. Ọmọ á mú fọ́tò wá, á mú ìwé ọjọ́ ìbí wá, á mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí tàbí Baálẹ̀. Kíláàkì tó bá mọṣẹ́ kì í gba lẹ́tà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Á gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, á ní: "Agboolé wo ni yín?" Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó ti ń làágùn. Mo jókòó nítòsí lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan, aṣọ rẹ̀ mọ́ nigín, Gẹ̀ẹ́sì dùn lẹ́nu rẹ̀, kò lè dáhùn. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo wa là ń gbọ́ ohùn bàbá náà nínú ìpè: ó pe orúkọ agboolé, ó pe orúkọ bàbá ńlá, kò dúró níbẹ̀, ó bọ́ sórí oríkì. Kíláàkì wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n jọ kí ara wọn pẹ́. Ìyá bàbá kíláàkì ló jáde láti agboolé kan náà. Ọmọ gba ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ó dùn mọ́ gbogbo ọ́fíìsì nínú. Ṣùgbọ́n nínú ìlà kan náà ni ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó kàwé ní Ìbàdàn, tí bàbá rẹ̀ ti ń san owó ìsọ̀ fún káńsù náà kí wọ́n tó bí i. Ẹkùn mìíràn ni bàbá náà ti wá. Kíláàkì sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé kí ó lọ gba ìwé rẹ̀ nílùú bàbá rẹ̀, ìlú tí kò dé rí. Òfin iṣẹ́ ló tẹ̀ lé, kò ṣẹ̀. Káńsù mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, kò mọ ibi tí ò ń gbé. Láti 1991 tí wọ́n ti pín káńsù ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún lọ́ pọ̀ sí i: agboolé ẹni lè wà lábẹ́ káńsù kan, kí ilé tó ń gbé wà lábẹ́ òmíràn, kí ìsọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀kẹta. Bó bá kan ká gbowó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rántí rẹ̀. Bó bá kan ká kó ààtàn, wọ́n á máa júwe ara wọn.

Ìdí ìwé ìgbéyàwó kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lẹ ìkéde mọ́ pátákó fún ọjọ́ 21, bóyá ẹnìkan ní ohun tí yóò sọ. Ẹlẹ́rìí méjì á dúró, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á gbọ́ ariwo ẹbí, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́bàá ọgbà òdòdó. Owó rẹ̀ máa ń pé, nítorí kò sí ọkọ ìyàwó tó fẹ́ san ìdajì láìgbàwé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó tó ń ti Àbújá bọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò láṣẹ láti máa fi ìgbìmọ̀ tí kò ti inú ìbò jáde ṣàkóso káńsù. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àwa tó wà ní Ọ̀yọ́ mọ adùn ìdájọ́ bẹ́ẹ̀: àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ tú wọn ká ní oṣù karùn-ún 2019, ó sì di ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021 kí ilé ẹjọ́ kan náà tó sọ pé kò bófin mu. Nígbà tí ìdájọ́ fi dé, ọdún mẹ́ta wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ọ̀ràn tó dé bá káńsù láti òkè, ilé ẹjọ́ lè yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo owó náà bá wọlé pé pérépéré lọ́la, ta ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ alága? Gómìnà á ní òun ti jọ̀wọ́ rẹ̀, Àbújá jìnnà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni òfin gbé e lé lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná, ìjókòó wọn kì í sì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé, wọ́n á ka ìwé ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan á mú àbá wá lórí afárá kékeré tó wó ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Àga àwọn aráàlú máa ń ṣófo lẹ́yìn wọn. Mo ti rí i tí wọ́n fọwọ́ sí ètò ìṣúná odidi ọdún kan láàárín àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ, nítorí kò sí ojú kankan tó ń wò wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ọjà, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí agbowó bá ní kí ẹ san ìdajì, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ san án pé, ẹ gba rìsíìtì, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí káńsù yín ń jókòó, ẹ lọ jókòó lẹ́yìn wọn, bí ẹ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì bi yín pé kí lẹ wá ṣe, ẹ fi ìwé tí ẹ fi sanwó hàn wọ́n.